Bí Ẹ Ṣe Lè Sanwó Iná Ọkọ̀ ní Ìlú Ọba Láìhá Sídìí Ẹ̀rọ

Púpọ̀ nínú àwọn ará wa tó ń wa ọkọ̀ oníná ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Birmingham ló mọ ọkọ̀ wọn dáadáa, tí wọ́n sì mọ ibi tí ẹ̀rọ ṣáàjì wà ládùúgbò wọn, síbẹ̀ owó sísan ló ń dá wọn dúró. Ọkọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ, wáyà ti wọlé, ẹ̀rọ ń tan iná, àmọ́ áàpù ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà tí òun fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn, báǹkì ní kí wọ́n wá fọwọ́ sí i nínú áàpù tòun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e, bátìrì ọkọ̀ sì ti ku 9%. Ìlànà méjì ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé: ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù nìkan jẹ́ ọ̀nà tí ẹ lè gbà sanwó, ẹ má sì ṣe dán ọ̀nà ìsanwó tuntun wò ní ọjọ́ tí iná ọkọ̀ ti fẹ́ tán.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tó ní dátà, pẹ̀lú wáyà tí ẹ lè fi ṣáàjì rẹ̀ nínú ọkọ̀.
- Káàdì báǹkì méjì láti báǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú èyí tí a lè fi kan ẹ̀rọ láìtẹ píìnì. Káàdì tí a ń fọwọ́ mú ni mo ń sọ, kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù nìkan.
- Áàpù kan tó ń bá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣáàjì ṣiṣẹ́ pọ̀, bíi Electroverse ti Octopus, pẹ̀lú káàdì RFID tó bá a rìn, ìyẹn káàdì tí a so mọ́ àkáǹtì áàpù náà, tí a fi ń kan ẹ̀rọ, kì í ṣe ti báǹkì.
- Zapmap, tí ẹ ó máa fi wo ibi tí ẹ̀rọ wà àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́.
- Wáyà Type 2 tiyín, ìyẹn wáyà iná tí kò yára, bí ẹ bá ń gba iná lára òpó iná ojú pópó.
- Ìwé pélébé kan nínú ọkọ̀, tí ẹ kọ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lò jù sí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tó ṣì ń fi káàdì náírà náwó, kó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì níbí. Òdiwọ̀n tí báǹkì ilé fi sí ìnáwó lókè òkun lè kéré ju owó tí ẹ̀rọ ṣáàjì fẹ́ kí báǹkì so mọ́lẹ̀, ìyẹn kó yà á sọ́tọ̀ fún un, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ, ẹ̀rọ ò sì ní ṣàlàyé fún yín pé ohun tó fà á nìyẹn. Yóò kàn kọ̀ ni.

Ìpele 1: Ẹ mọ ẹnu ọkọ̀ yín àti ìwọ̀n bátìrì rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ wa ń lò, bíi Kia Niro, MG5 àti Tesla Model 3, ló ń gba iná tó yára lẹ́nu CCS. Nissan Leaf tó ti pẹ́ ń lo CHAdeMO, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tuntun ló ní i mọ́. Iná tí kò yára, irú ti òpó ojú pópó àti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà, ẹnu Type 2 ló ń gbà wọlé.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ kò gbọdọ̀ dàpọ̀. kW ni bí iná ṣe ń yára wọlé tó, kWh sì ni iye iná tó wọlé, òun la sì ń sanwó fún. Ẹni tó bá ti ra iná sórí mítà onísanwó-ṣáájú rí nílé ti mọ kWh tipẹ́, nítorí òun náà ni yúníìtì tí à ń pè, orúkọ yẹn náà ni n ó sì máa lò láti ibi yìí lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń rò pé wọ́n ré àwọn jẹ ni ti ẹ̀rọ Type 2 tí wọ́n kọ 22 kW sí lára. Agbára tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbà láti ẹnu yẹn ló ń pinnu, 7 kW tàbí 11 kW ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà ọkọ̀ tí kò lè gbà ju 7 kW lọ yóò gba 7 kW lára ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

*Àyẹ̀wò:* Láì wo ìwé, ṣé ẹ lè sọ irú ẹnu tí ọkọ̀ yín ní, iye yúníìtì tí bátìrì rẹ̀ ń gbà, àti kW tó ga jù tó lè gbà lẹ́nu Type 2? Bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ lọ sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹ parí ètò ìsanwó nílé, lórí Wi-Fi

Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò kánjú. Ẹ gba áàpù láti ibi tí fóònù yín ti ń gba áàpù lásán, kì í ṣe láti orí líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ fìdí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù múlẹ̀, ẹ tẹ irú ọkọ̀ yín sí i kó lè máa yọ àwọn ẹ̀rọ tí kò bá ẹnu rẹ̀ mu kúrò lójú máàpù, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi káàdì sí i. Báǹkì yóò béèrè pé ṣé ẹ̀yin ni. Ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dúró títí áàpù ṣáàjì yóò fi sọ pé káàdì ti wọlé.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba ìpele yìí jẹ́. Èkíní ni nọ́ńbà +234 tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì yí padà, tí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kì í dé, tàbí tí ó ń dé lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Èkejì ni páàsíwọ́ọ̀dù ímeèlì tí ẹ kò rántí. Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, tàbí tí áàpù bá gba àtúnṣe, ó lè lé yín jáde, kó sì ní kí ẹ wá ṣí ímeèlì kí ẹ tó padà wọlé. Bí ímeèlì yẹn kò bá sí lórí fóònù yín, ìdí ẹ̀rọ ni ẹ ó ti mọ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn áàpù tó ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kó owó sínú àpò wọn kí ẹ tó lè lò wọ́n. Ẹ má ṣe kó ju ohun tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ yẹn sí i, torí owó tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ kì í rọrùn láti gbà jáde.

Nípa iye áàpù tó yẹ kí ẹ ní, mo mọ àwọn tó ní mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí fóònù, tí wọn kò sì rántí èyí tí káàdì wọn ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tó fi yẹ kó ju mẹ́ta lọ: áàpù alájọlò kan, irú Electroverse tó ń bá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́, áàpù ilé-iṣẹ́ tó ni òpó iná ojú ilé yín, àti ti ilé-iṣẹ́ kan tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ ń gbà jù. Káàdì báǹkì yóò ṣe ìyókù.

Ẹ má gbàgbé káàdì RFID. Ẹ béèrè fún un nínú áàpù, ẹ dúró kó dé sílé, kí ẹ sì so ó mọ́ àkáǹtì yín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àpòòwé rẹ̀. Káàdì tí a kò so mọ́ àkáǹtì kò yàtọ̀ sí rọ́bà lásán.

*Àyẹ̀wò:* Nígbà tí bátìrì bá ṣì wà ní bíi 60%, ẹ lọ sí ẹ̀rọ tó sún mọ́ ilé. Ẹ fi áàpù bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dá a dúró. Ẹ tún fi RFID bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a dúró. Bí méjèèjì bá farahàn nínú ìtàn ìlò tó wà nínú áàpù, ètò yín ti dúró dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ní owó tó kéré jù tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kí ìdánwò má baà di owó ńlá.

Ìpele 3: Ẹ ka iye owó kí ẹ tó gbéra

Ẹ ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Bí bátìrì bá ń gba yúníìtì 60, tí ẹ sì fẹ́ gbé e láti 20% dé 80%, yúníìtì 36 ni ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ̀rọ tó yára bá ń tà á ní 79p, £28.44 nìyẹn. Bí òpó iná ojú pópó bá ń tà á ní 52p, £18.72 ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £9.72 lórí ìrìn kan ṣoṣo. Owó tí ẹ ó san gan-an yóò fi díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo iná tó jáde lára ẹ̀rọ ló ń dé inú bátìrì.

Ohun tó ń ya àwọn tó ń gbé nínú fúláàtì lẹ́nu ni pé owó orí ọjà tí wọ́n ń san lórí iná ìta jẹ́ 20%, nígbà tó jẹ́ 5% fún ẹni tó ní gáréèjì tó sì ń ṣáàjì láti ilé. Àyíká ilé yín ló sọ yín di ẹni tí ń san jù, ẹ kò sì lè yí i padà lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ lè yan wákàtí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta iná ní olówó pọ́ọ́kú lóru, wọ́n á sì gbé e sókè ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn ń dé láti ibi iṣẹ́.

Iye kan náà kọ́ ni ẹ ó máa rí lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tó lo áàpù ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè san iye kan, kí ẹni tó fi káàdì kàn án san òmíràn, kí ẹni tó gba orí áàpù alájọlò tún san ẹ̀kẹta. Òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n fi iye owó hàn ní iye pẹ́ńsì lórí yúníìtì kan, nítorí náà ẹ wá nọ́ńbà yẹn, kí ẹ má sì jẹ́ kí iye owó wákàtí tàbí àwòrán ẹ̀dínwó gba ojú yín.

Nípa owó oṣù tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gbà kí wọ́n lè dín owó iná kù fún yín: bí owó oṣù bá jẹ́ £8, tí ẹ̀dínwó sì jẹ́ 16p lórí yúníìtì kan, ẹ gbọ́dọ̀ ra yúníìtì 50 lóṣù kí ẹ tó gba £8 yín padà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ yóò kọjá ìyẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan, ẹ fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ yan ibi méjì. Ibi kejì kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nítorí bí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan bá wọlẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ló máa ń kọ̀ láti gba owó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó kàn máa ti ìdí ẹ̀rọ tó kú bọ́ sí ìdí èyí tó kú ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo Zapmap. Ṣé ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ fún ìlò, ṣé ẹnu rẹ̀ bá ọkọ̀ yín mu, ṣé ẹnìkan ti kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé òun gba iná níbẹ̀? Ṣé iná tó ṣẹ́ kù tó gbé yín dé ibi kejì bí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Èmi kì í jẹ́ kí ti ọkọ̀ mi wálẹ̀ ju 20% lọ kí n tó wá ẹ̀rọ.

Ìpele 4: Ẹ sanwó nídìí ẹ̀rọ

Ẹ gbọ́kọ̀ sí ibi tí wáyà yóò ti dé ẹnu ọkọ̀ láìfà. Ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Òun ni ẹ ó nílò nínú áàpù, lórí fóònù pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àti nínú ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà ẹ ka ojú ẹ̀rọ kí ẹ mọ̀ bóyá wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i tàbí káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kàn án. Ìtò yìí kò dọ́gba níbi gbogbo, ṣíṣe é lódì sì wà lára ohun tó sábà máa ń mú kí ẹ̀rọ kọ owó.

*Bí ẹ bá fẹ́ fi káàdì kàn án.* Láti 24 Oṣù Kọkànlá 2024, òfin ti pa á láṣẹ pé kí ẹ̀rọ ìgboro tó bá ní agbára 50 kW sókè, àti ẹ̀rọ tuntun tó bá ní 8 kW sókè, máa gba káàdì láìsí áàpù. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa. Ẹni tó ní ilé aládàáni, tó ń lo ẹ̀rọ márosẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni òfin gbà lọ́wọ́ áàpù. Òpó iná ojú pópó, tí agbára rẹ̀ kò tó 8 kW, tí àwa ará fúláàtì ń gbára lé lóròòru, kò sí lábẹ́ àṣẹ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá sọ pé ọjọ́ áàpù ti tán.

Níbi tí káàdì bá ti ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yan wáyà tí ẹ ń lò lójú ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kan lè ní wáyà méjì, ibùdó míì sì wà tí àpótí ìsanwó kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yan nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni owó yín yóò ra iná fún. Ẹ gbé káàdì lé ibi tí àmì ìgbì mẹ́rin wà, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn tàbí rí àmì pé ó ti gbà á.

Ibí ni owó ti ń há. Kí ẹ̀rọ tó tú iná sílẹ̀, ó máa ń ní kí báǹkì so owó kan mọ́lẹ̀, nítorí kò tíì mọ iye iná tí ẹ ó rà. Iye yẹn yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ó sì lè ju owó iná tí ẹ fẹ́ rà lọ dáadáa. Bí £52 bá wà nínú àkáǹtì, tí wọ́n sì so £40 mọ́lẹ̀, £12 péré ló kù fún yín láti ná, bí owó fóònù bá sì yẹ kó jáde lọ́jọ́ yẹn, báǹkì lè dá a padà. Èyí tó burú jù ni kí ẹ̀rọ kọ̀, kí ẹ tún fi káàdì kàn án, kó tún kọ̀, kí ẹ tún kàn án, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan lè so owó tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé ní ibùdó kan lálẹ́ báyìí, ó ń na fóònù sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ti yọ owó mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iná ò sì wọlé.” Mo ní, “Àbúrò, wọn ò tíì yọ ọ́. Wo ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀: ‘pending’. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni, yóò padà. Má tún kàn án mọ́. Ṣé o ní káàdì míì?” Kò ní. Áàpù ló wá fi bẹ̀rẹ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ owó tí ì bá fi ra oúnjẹ alẹ́ wà nínú àhámọ́ báǹkì.

Òfin tèmi ni pé káàdì kan kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ọ̀nà padà. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún iná ọkọ̀, kí ohun tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ má baà kan owó ilé.

*Bí ẹ bá fẹ́ fi àmì QR san án.* Lára òpó iná ni ẹ ó ti sábà rí i, nísàlẹ̀, nítòsí ihò wáyà, níbi tí òjò àti eruku ti ń bà á jẹ́. Àwọn ọlọ́ṣà ti mọ ibẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ àmì tiwọn mọ́ orí ti ilé-iṣẹ́, kí ẹ lè bọ́ sójú ewé ayédèrú tí yóò gba nọ́ńbà káàdì yín. Ẹ fi ìka kan etí àmì náà: bí ó bá jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ lé orí òmíràn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ka àdírẹ́sì tó yọ lójú fóònù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ṣáàjì kankan kò ní ohun tí yóò fi píìnì káàdì tàbí páàsíwọ́ọ̀dù báǹkì yín ṣe. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ má ya àmì náà rárá: ẹ ṣí áàpù tí ẹ ti gbà sílẹ̀ nílé, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ òpó náà sínú rẹ̀.

*Bí ẹ bá fẹ́ lo RFID.* Ẹ fi kàn án bí ẹ ti ń fi káàdì báǹkì kàn án. Àǹfààní rẹ̀ ni pé fóònù yín lè kú pátápátá, tàbí kó máà rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ ilẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ti wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ má kúrò nídìí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ka yúníìtì sókè, ojú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ àkókò tó kù, orí wáyà sì gbọ́dọ̀ ti tì pa. Iná tó bẹ̀rẹ̀ tó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan wọ́pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, ẹni tó ti wọ ilé ìtajà kò sì ní mọ̀ títí yóò fi padà wá bá ọkọ̀ tí kò kúrò ní 14%.

Ìpele 5: Nígbà tí iná ń wọlé

Ẹ wá pátákó ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ẹ tó jókòó. Owó iná kì í ṣe owó ìgbọ́kọ̀sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ́kọ̀sí, kámẹ́rà ti ya nọ́ńbà ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ ń wọlé, ilé-iṣẹ́ tó ni kámẹ́rà kò sì bá ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ṣáàjì pawọ́ pọ̀. Ẹ lè san £25 fún iná, kí ìwé ìtanràn tún dé sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé ẹ kò lo áàpù kejì, ti ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ilé ìtajà ńlá náà ń fi wákàtí sí i, wíwà lórí wáyà kò sì sún wákàtí yẹn síwájú àyàfi bí pátákó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn 80%, iná tó ń wọlé lára ẹ̀rọ tó yára yóò falẹ̀ gan-an. Àwọn ibùdó kan, ti Tesla wà lára wọn, ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti kún tí kò sì kúrò. Ẹ jẹ́ kí áàpù máa ké sí yín.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ti ka pátákó, ẹ ti mọ aago tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ sì ti fi sí áláàmù.

Ìpele 6: Ẹ dá a dúró, ẹ yọ wáyà

Ọ̀nà tí ẹ gbà bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbà parí. Káàdì tí ẹ fi kàn án ni kí ẹ tún fi kàn án; bí ó bá jẹ́ káàdì inú fóònù ni, fóònù yẹn náà ni, kì í ṣe káàdì ọwọ́, nítorí ẹ̀rọ kò mọ̀ pé báǹkì kan náà ló ni wọ́n. Bótìnnì pupa tí a fi ń dá ewu dúró kò sí fún pípárí ṣáàjì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè pa ẹ̀rọ náà títí òṣìṣẹ́ yóò fi wá tún un ṣe.

Bí wáyà bá kọ̀ láti jáde, ẹ má fà á. Ẹ ti ọkọ̀ pa, ẹ ṣí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ wáyà Type 2 tiyín ló há sára òpó, ẹ wò ó nínú áàpù bóyá ṣáàjì náà ti parí ní tòótọ́, nítorí òpó kì í tú wáyà sílẹ̀ nígbà tó bá rò pé iná ṣì ń lọ. Bí ó bá ti parí tí kò sì tú u sílẹ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tú u láti ọ̀dọ̀ wọn.

*Àyẹ̀wò:* Áàpù tàbí ojú ẹ̀rọ fi yúníìtì àti owó ìkẹyìn hàn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó parẹ́.

Ìpele 7: Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ tẹ̀ lé ìtò yìí, ẹ má sì fò. Ẹ yọ wáyà, ẹ tún fi sí i dáadáa. Ẹ yí ọ̀nà ìsanwó padà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ẹ̀rọ míì ní ibùdó kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tó wà lára ẹ̀rọ, tí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ènìyàn sì wà nídìí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí ojú rẹ̀ kọ, àti ọ̀nà ìsanwó tí ẹ ti lò. Ẹ béèrè méjì pàtó: kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà padà láti ọ̀dọ̀ wọn, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ ṣáàjì fún yín. Ẹni tó kàn ń ṣàròyé lórí fóònù kì í tètè rí ojútùú bí ẹni tó béèrè ohun tó fẹ́.

Òfin ní kí ẹ̀rọ tó yára máa ṣiṣẹ́ fún 99% àkókò lọ́dún, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n ń pa pọ̀ ká tó rí iye yẹn, kò sì dá ti iwájú yín láre.

*Àyẹ̀wò:* Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá tí iná kò wọlé, ẹ lọ sí ibi kejì tí ẹ ti yàn. Ìdí tí ẹ fi tọ́jú 20% nìyẹn.

Ìpele 8: Ẹ bójú tó owó lẹ́yìn ọjọ́ náà

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí áàpù báǹkì. Owó tí wọ́n so mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parẹ́, kí owó iná gan-an wà níbẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ sọ yúníìtì di púpọ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀: yúníìtì 31 ní 79p jẹ́ £24.49. Bí nọ́ńbà báǹkì bá ju èyí lọ, ó lè jẹ́ owó ìdúrópẹ́, tàbí kó jẹ́ àṣìṣe.

Bí owó tí wọ́n so mọ́lẹ̀ bá pẹ́ jù kó tó padà, báǹkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, nítorí ọwọ́ wọn ló wà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n yọ owó tí kò yẹ ní tòótọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ṣáàjì pẹ̀lú fọ́tò ẹ̀rọ, aago àti nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún báǹkì pé ẹ fẹ́ gba owó padà lórí káàdì.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rìsíìtì fún HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba. Bí ó bá jẹ́ owó lórí máìlì ni ẹ fi ń ṣírò ìnáwó ọkọ̀ yín, owó iná ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Rìsíìtì áàpù máa ń dé nínú ímeèlì, ṣùgbọ́n ti káàdì tí ẹ fi kan ẹ̀rọ kì í dá wá bá yín; lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà ni ẹ ó ti sábà wá a, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà mẹ́rin ìparí káàdì. Ẹni tó fi fóònù kàn án kó ṣọ́ra níbí, torí nọ́ńbà tí fóònù ń lò kì í ṣe èyí tó wà lára káàdì. Ẹ wo inú ètò ìsanwó fóònù yín, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tirẹ̀ níbẹ̀. Òun ni kí ẹ tẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Gbogbo ìlà iná ọkọ̀ tó wà nínú ìwé báǹkì oṣù náà ní rìsíìtì tirẹ̀ nínú fódà kan, tó fi mọ́ àwọn tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára wọn kò jọ èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ.